Ẹlẹ́rìí Kì í Ṣe Ọ̀daràn!
Ẹ̀yin ọlọ́pàá, kí ló dé gan-an? Wọ́n jí ọmọ gbé, ẹni tó rí ọkọ̀ tó gbé e lọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí àgọ́ yín, ẹ ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìbéèrè àkọ́kọ́: “Kí ni ìwọ ń wá níbẹ̀?” Háà! Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Ta ló tún máa yọjú? Ohun tó sọ di àwátì nínú fáìlì, àgọ́ kejì ò gbọ́ fín-ín. Ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, 1989 ni wọ́n jí ọmọdékùnrin kan, Jacob Wetterling, gbé. Wọ́n mú ẹni tó ṣe é ní 1990, wọ́n tún tú u sílẹ̀! 2016 ló tó jẹ́wọ́. Ìyá ọmọ bá béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ ó ní, “ìwádìí ń lọ lọ́wọ́.” Ìwádìí wo?