Òkúta Tí Afọ́jú Fi Ẹsẹ̀ Tẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí afọ́jú bá ní òun yóò sọ èèyàn lókò, ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ òkúta ni. Ìkìlọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi òwe yìí ṣe, pé kí a má fojú kéré ẹni tó ń halẹ̀. Ṣùgbọ́n oríyìn ni mo rí nínú rẹ̀ fún afọ́jú náà, nítorí pé kí ó tó la ẹnu ni ó ti wá òkúta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti mọ ibi tí ó wà. Ẹ̀yin òbí tí ẹ bí ọmọ aláìríran, òkúta wo ni ọmọ yín yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ó tó kan ilẹ̀kùn agbanisíṣẹ́?

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí wọn kò jẹ́ kí ó fọ abọ́, kí ó rokà, kí ó ka owó, tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ kiri títí ó fi pé ọmọ ọdún 20, àánú ni wọ́n fi yọ òkúta kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní tèmi, ẹ̀kọ́ lílo ọ̀pá funfun tí afọ́jú fi ń wá ọ̀nà ni ó yẹ kí ó ṣáájú iṣẹ́ ọwọ́ èyíkéyìí. Ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí Federal Nigeria Society for the Blind ní sí Òṣòdì, l'Ékòó, wọ́n ń kọ́ àwọn aláìríran ní bí a ṣe ń dá rìn, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Braille (ìwé tí a ń fi ìka kà), kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ọwọ́.

Agbọ̀n híhun kò burú, ọ̀pọ̀ ni ó ti fi tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí bí a bá mú ọmọ tí orí rẹ̀ pé jókòó ti agbọ̀n nítorí pé òun nìkan ni àwa mọ̀. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ń jẹ́ NVDA, tí ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sétí ẹni. Michael Curran, afọ́jú ará Ọsirélíà, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọ̀dọ́ tí ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti mọ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, tí etí rẹ̀ sì ti mọ ohùn náà lára dáadáa, lè kọ lẹ́tà, kí ó ṣírò owó, kí ó sì dá oníbàárà lóhùn, láìfọwọ́ kan máòsì.

Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 ní kí àwọn àkàndá ẹ̀dá kó ìdá 5 nínú 100, ó kéré tán, lára òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba. Kí ọ̀dọ́ mọ òfin náà, ṣùgbọ́n kí ó má gbára lé e nìkan. Ojú máa ń ti agbanisíṣẹ́ láti béèrè bí afọ́jú yóò ṣe ṣe iṣẹ́; kí ọ̀dọ́ náà má dúró de ìbéèrè, kí ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání, kí ó sì kọ lẹ́tà kan lójú wọn. Bí wọ́n bá gbà á, kí ẹnì kan bá a rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ọjọ́ àkọ́kọ́, láti ibùdókọ̀ dé ìdí àga rẹ̀, títí ọ̀pá rẹ̀ yóò fi mọ àtẹ̀gùn ibẹ̀.