Ariwo wo ni kí n ti mú wá?

Okun o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bi mí pé ṣé dáadáa ni mo jí, nítorí láti ọjọ́ ọdún iṣu ni inú ti ń bí mi, kò sì tíì rọ̀.

Àwọn ọmọ ìlú wa, Ìjùmú níbí, tó wà ní Àbújá àti lókè òkun ní àwọn fẹ́ máa wo gbàgede ìlú lọ́jọ́ ọdún. Wọ́n dáwó, wọ́n ra kámẹ́rà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, a gbé e kọ́ sí igun gbọ̀ngàn ìlú. Èmi "ọmọ kọ̀ǹpútà" ni wọ́n ní kí n gbé àwòrán rẹ̀ lọ sórí ìkànnì fídíò ńlá kan. Láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó mi, tí mo fi Linux sí, ni mo gbé kalẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní ìlà àṣẹ kan ṣoṣo ni: FFmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lórí fídíò, á fa àwòrán jáde lára kámẹ́rà, á sì tì í lọ. Ìlà kan ṣoṣo! Kí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ wá bá mi jókòó níbí lálẹ́ tí iná ti lọ.

Ìkànnì kọ́kọ́ ní kí n dúró wákàtí 24 kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo dúró. H.265, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀, ni kámẹ́rà ń sọ, FFmpeg tèmi sì ní FLV, àpò tí mo fi ń kó fídíò lọ sí ìkànnì, kì í gbé e. Mo yí i sí H.264, ọ̀nà àtijọ́ tí FLV ń gbé. Àwòrán ń fà, orí ewúrẹ́ ń yọ́ mọ́ ògiri bí òrí tó jókòó sóòrùn. Mo fi -rtsp_transport tcp sí i, kí dátà kámẹ́rà má bàa máa sọnù lọ́nà, ó dúró. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí.

Èyí tó dùn mí rèé. Férémù, àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan inú fídíò, ń gorí férémù nínú FFmpeg, kò sí àṣìṣe kankan, dátà ń jó lọ ní kílóbíìtì 2,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn bíi GB 1.1 ní wákàtí, owó àpò mi sì ni. Lórí ìkànnì ńkọ́? Dúdú. Kinní kan kàn ń yí bíríbírí. Odidi ọjọ́ kan àbọ̀ ni mo fi wá ẹ̀ṣẹ̀ mi kí n tó gbọ́ pé wọn kì í gba fídíò tí kò ní ohùn. Kámẹ́rà yìí ò ní máíkì! Ta ló ń fi etí wo gbàgede? Wọ́n ní kò burú, kí n fi anullsrc inú FFmpeg ṣe ohùn òfìfo, kí n fi AAC, ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún ohùn pọ̀, wé e, kí n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àwòrán. Ẹ gbọ́ o: ohùn tí kò dún! Bíi kí wọ́n ní o ò lè wọ ọjà àfi tó o bá gbé agbọ̀n, kódà kó ṣófo. Tó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ, kí ló ní kí wọ́n má kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohùn ò sí?

Mo ṣe é, àwòrán yọ lójú ẹsẹ̀. Iná lọ. Nígbà tó dé, FFmpeg kò jí; ó di kí n fi Restart=always sínú systemd, ètò tó ń bójú tó àwọn ètò yòókù lórí Linux, kó máa jí i.

Ọjọ́ ọdún pé. Ìlù ń dún, àwọn ìyá ń kọrin, iṣu jọ gègèrè. Kó tó di agogo mẹ́wàá, fóònù mi ti gbóná. Ẹ̀gbọ́n kan láti Àbújá ló kọ́kọ́ pè: "Àbúrò, kí ló dé tó o pa ohùn?" Àǹtí kan tẹ̀ lé e, ó ní fóònù òun ń fi hàn pé ohùn wà, òun ò kàn gbọ́ ni, bóyá etí òun ló di.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ohùn wà.