Ẹyin lohùn lóòótọ́, àmọ́ kíréètì ẹyin kì í dá ariwo dúró

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan ní kí n wá wo yàrá tó fẹ́ sọ di sítúdíò ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo. Kíréètì ẹyin ló lẹ̀ mọ́ ògiri láti ilẹ̀ dé àjà, ó sì fi bo fèrèsé lúfà rẹ̀ pátápátá. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó, ariwo kankan ò lè wọlé síbí mọ́." Kò tíì gbẹ́nu dúró tí ọlọ́kadà kan fi bú kọjá lójúde. Èmi àtiẹ̀ la jọ gbọ́ ọ. Ó ní kíréètì náà ni ò tíì pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti Ọlàìyá dé Ìgbọ̀nà, ẹni tó bá ti ra máíkì, wọ́n á ní kó lọ máa ṣa kíréètì lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́yin.

Èmi náà ṣe é rí. Ìpolówó ni mò ń gbà sílẹ̀ fáwọn oníṣòwò nígbà náà, ẹ̀rọ ata kan sì wà ní òdìkejì títì. Mo fi kíréètì bo gbogbo ilé. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ gbọ́ iṣẹ́ tí mo ṣe fún un, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé èlùbọ́ ni mò ń tà ni àbí ata lílọ̀?" Mo dá owó rẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí òṣùwọ̀n. Kíréètì òfìfo kan kò tó 100 gíráàmù. Bíi 12 ló máa bo ààyè tó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, gbogbo wọn ò sì tó kílò kan àbọ̀. Gíláàsì mìlímítà 6 tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kílò 15 ni. Ohun tó wúwo ni ariwo kì í rí mì bọ̀rọ̀. Páálí tí ọmọ ọdún méjì lè fi ọwọ́ kan gbé, kí ló fẹ́ dá dúró?

Níṣojú àbúrò yìí, mo tan orin sórí fóònù, mo fi kíréètì yí i ká ní ìpele mẹ́ta. À ń gbọ́ orin náà ketekete. Mo wá gbé fóònù sínú kúlà tí wọ́n fi ń gbé ìrẹsì lọ òde ìnáwó, mo dé e pinpin. Orin rọlẹ̀ bí ẹni ń kọrin nínú kànga. Mo ní kó ti ìka kan bọ abẹ́ ìdérí. Ìka kan péré, orin tún tú jáde. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ọ́; bẹ́ẹ̀ náà ni ariwo. Bí ihò tó wà lára fèrèsé bá jẹ́ ìdá kan péré nínú 100, bí ìyókù rẹ̀ tilẹ̀ nípọn bí ògiri ààfin, ohun tó lè dín kù kò ní ju dẹ̀síbẹ̀lì 20 lọ (dẹ̀síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo). Lúfà wá ńkọ́, tí ewé rẹ̀ kì í pàdé? A ṣáná sí kọ́ìlì ẹ̀fọn nídìí fèrèsé náà. Èéfín rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́, ó gba àárín kíréètì méjì kọjá lọ síta.

Wọ́n á ní fóòmù kọ́rọkọ̀rọ wà lára ògiri sítúdíò òyìnbó. Gbohùngbohùn inú yàrá, ohùn tó ń ta padà lára ògiri, ni ìyẹn ń pa. Ògiri tó wúwo ló ń lé ariwo ìta. Ó dáa, kíréètì náà lè pa gbohùngbohùn díẹ̀. Díẹ̀ náà ni.

Ẹni tówó ò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi lúfà rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà. Kí káfíńtà bá a kan férémù igi mọ́ ojú fèrèsé láti inú, kí wọ́n fi gíláàsì mìlímítà 6 sí i, kó jìnnà sí lúfà tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí wọ́n fi sílíkóònù dí gbogbo etí rẹ̀. Kó má ṣeé ṣí. Fèrèsé alumíníọ̀mù tó ń fà lọ fà bọ̀ kò dáa fún iṣẹ́ yìí, torí àyè tó fi ń fà náà ni ariwo ń gbà wọlé. Bí onílé ò bá fẹ́ kẹ́ ẹ kan nǹkan mọ́ fèrèsé òun, ẹ gé pákó puláíwúùdù méjì lé ara wọn, ẹ fi rọ́bà yí etí rẹ̀, ẹ máa kì í bọ ojú fèrèsé tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ lẹ́yìn náà. Ooru á mú yín, ẹ máa sinmi láàárín. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tó bá wà nídìí ògiri ṣì máa ń hùn díẹ̀, mi ò ní parọ́.

Àbúrò mi wo àwọn kíréètì rẹ̀ títí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta ló máa wá ra gbogbo èyí lọ́wọ́ mi?"

Mo ní kó bi ẹlẹ́yin rẹ̀.