Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ àwòrán kí ẹ tó pín in

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé, láti Kábà dé Ìsánlú, àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ gbé lọ sí Lọ́kọ́ja. Àwòrán ọ̀wọ́ngógó ọjà kan, èyí tó ń fi ìdá tí iye owó ọjà fi ń gòkè láàárín ọdún kan hàn, ṣì ń kiri orí WhatsApp wa: ìlà pupa kan tó ń gòkè bọ̀ láti 2023, tó dé 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá 2024, tó sì já wálẹ̀ sí 24.48 ní oṣù Kìn-ín-ní 2025. Àwọn kan fi ń yin ìjọba, àwọn kan fi ń bú u. Èrò ọkàn mi ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àwòrán yẹn jà rárá, nítorí nọ́ńbà méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún Nàìjíríà, pààrọ̀ òṣùwọ̀n láàárín oṣù méjèèjì. Iye owó ọjà ọdún 2009 ni wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di ti 2024. Oúnjẹ tó ń kó ìdá 51.8 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣirò náà, wọ́n dín in sí bíi 40. Kò sí aburú nínú ìyẹn o. Ohun tí ìdílé ń náwó lé lórí ní 2009 ti yàtọ̀ sí tòní, ó tiẹ̀ ti pẹ́ jù kí wọ́n tó ṣe é. Ẹni tó ya àwòrán ló jẹ̀bi. Ńṣe ló yẹ kó gé ìlà náà ní ìparí 2024, kó fi àwọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ òmíràn, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpìlẹ̀ ti yí padà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlà tó wálẹ̀ kò sọ pé ọjà wálẹ̀. Ìdá 24.48 túmọ̀ sí pé ohun tí ẹ rà ní 1,000 náírà ní oṣù Kìn-ín-ní 2024 gbà yín ní bíi 1,245 ní oṣù Kìn-ín-ní 2025. Ọjà ṣì ń gbówó lórí nígbà náà; bí ìlà òṣùwọ̀n kan náà bá tiẹ̀ wálẹ̀, eré tó ń sá ló dín kù. Ẹni tó bá dájú, kó lọ sọ fún ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà Kábà pé nọ́ńbà ti já.

Àwòrán tó tún máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni ti owó oṣù tó kéré jù lọ. Ní 1981, 125 náírà ni. Ó di 18,000 ní 2011, 30,000 ní 2019, àti 70,000 ní 2024. Ẹ fi òpó yà á ní náírà, kí gíga òpó kọ̀ọ̀kan dúró fún iye owó: bí òpó 125 bá ga ní mìlímítà kan péré, òpó 70,000 á ga ní mìlímítà 560. Ó ju ìwé ẹ́sáàsì lọ, ẹ ó lẹ bébà mọ́ bébà kó tó gbà á. Ẹni tó bá rí i á rò pé òṣìṣẹ́ ti rọ̀ ṣọ̀mù.

Ẹ wá tún un yà ní dọ́là. Ní 1981, dọ́là kan kò tó náírà kan, nítorí náà 125 náírà lé ní 200 dọ́là. Ti 2011 jẹ́ bíi 116. Ti 2019, ní iye tí ìjọba ń pààrọ̀ owó nígbà náà, kò ju bíi 98. Ti 2024 kò tó 50. Owó kan náà ni, ọdún kan náà ni, àmọ́ òpó tó ń gòkè ti di èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀. Àwòrán méjèèjì tọ̀nà, ẹni tó yà wọ́n ló mọ èyí tó fẹ́ kí ẹ rí. Èmi ò sì gbà pé dọ́là ló yẹ kó jẹ́ adájọ́, torí kò sẹ́ni tó ń fi dọ́là ra iṣu ní Ìyárà. Èyí tí mo fẹ́ rí ni òpó kẹta: kóńgò gàrí mélòó ni owó oṣù ń rà lọ́dọọdún? Kò sẹ́ni tó ń yà á fún wa.

Irú rẹ̀ náà ni fídíò àwọn òpó tó ń sáré lé ara wọn, èyí tó ń fi GDP àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà hàn, ìyẹn àpapọ̀ iye ohun tí orílẹ̀-èdè kan ń pèsè lọ́dún. Lẹ́yìn tí wọ́n tún ìṣirò Nàìjíríà ṣe ní 2014, ti 2013 jẹ́ bíi bílíọ̀nù 510 dọ́là, a sì kọjá South Africa. Wọ́n tún un ṣe ní 2025, ti 2024 sì jẹ́ bíi bílíọ̀nù 243. Ní náírà, tírílíọ̀nù 80 ló di tírílíọ̀nù 372. Dọ́là tó jẹ́ bíi 157 náírà ní 2013 ti lé ní 1,400 ní 2024, òun ló gé òpó náà kúrú.

Ẹ ṣọ́ ìsàlẹ̀ òpó pẹ̀lú. Ká ní àpò sìmẹ́ńtì kúrò ní 9,500, ó di 10,000. Bí ayàwòrán bá bẹ̀rẹ̀ òpó láti 9,400 dípò òdo, òpó kejì á ga ní ìlọ́po mẹ́fà èkíní, bẹ́ẹ̀ ohun tó lé kò ju ìdá márùn-ún àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá sì jẹ́ àwòrán àpò ló fi ṣe òpó, tó wá sọ gíga àti fífẹ̀ di méjì-méjì, ojú á rí ìlọ́po mẹ́rin. Wọ́n sì máa ń kọ ọ́ pé iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì Obajana ń ṣe mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 16.25 lọ́dún, ìyẹn mílíọ̀nù 325 àpò oníkílò 50. Agbára ẹ̀rọ ibẹ̀ nìyẹn o, kì í ṣe iye àpò tó jáde lódidi ọdún kan.

Ibi tí mo ń lọ gan-an ni kajú. Àsìkò kajú kì í tán nílẹ̀ wa kí ariwo iye owó tó gba gbogbo ojú ìwé, síbẹ̀ kò sí àwòrán kan tí àgbẹ̀ lè fi dúnàá dúrà. Ìwé gíráàfù kan àti bírò méjì tó o. Ẹ kọ ọ̀sẹ̀ sí ìsàlẹ̀, iye owó kílò kan sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kó bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni kí wọ́n da iye owó kóńgò pọ̀ mọ́ ti kílò. Kóńgò tí wọ́n bù kún dé ẹnu àti èyí tí wọ́n gbé òkìtì lé lórí kì í wọn bákan náà. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ ò lọ sọ́jà, ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ má fa ìlà kọjá níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré lẹ ní nọ́ńbà fún, ẹ fi òpó ṣe é. William Playfair, ará Scotland tó kọ́kọ́ ya irú àwòrán yìí jáde ní 1786, ohun tó ṣe nìyẹn: ọdún kan péré ló rí nínú ìṣirò òwò Scotland, ló bá lo òpó dípò ìlà.

Ẹ fi ìlà kejì kún un fún ohun tó wà nínú èèpo. Ẹ bu kajú láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ àpò bíi mélòó kan, ẹ pò ó, ẹ wọn kílò kan, ẹ gé gbogbo rẹ̀. Ẹ wọn ọmọ inú tó dáa tòun ti awọ rẹ̀, ẹ fi ìdajì ìwọ̀n àwọn tó ní àbàwọ́n kún un, ẹ da èyí tó jẹrà nù. Bó bá jẹ́ gíráàmù 270, ẹ sọ ọ́ di ti àpò kílò 80: kílò 21.6 ni, ìyẹn bíi pọ́n-ùn 47.6. Nọ́ńbà pọ́n-ùn yìí làwọn oníbàárà ń pè ní KOR, ìyẹn ìwọ̀n ọmọ inú tó ń jáde nínú àpò kan. Gíráàmù 240 á fún yín ní bíi 42.3. Nítorí náà, ká ní wọ́n ra kílò kajú tó mú 270 ní 1,500 náírà, wọ́n sì ra kílò èyí tó mú 240 ní 1,400. Kílò ọmọ inú ti àkọ́kọ́ bọ́ sí bíi 5,556, ti èkejì bọ́ sí bíi 5,833. Àgbẹ̀ tó tọ́jú kajú rẹ̀ dáadáa ló gba owó tó kéré jù lórí kílò ọmọ inú, ìlà iye owó nìkan kò sì lè fi ìyẹn hàn án.

Ẹ kọ déètì, orúkọ ọjà àti irú òṣùwọ̀n sí abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi Document, torí bí ẹ bá fi í lọ bíi fọ́tò lásán, nọ́ńbà kéékèèké ẹ̀gbẹ́ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ ṣú.