Òfin Rooney: ẹ tún un ṣe, ẹ má pa á rẹ́

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn tó ń pariwo pé kí NFL, àjọ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, fagi lé òfin Rooney kò ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Òfin ọdún 2003 yìí kò fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Kí ẹgbẹ́ tó ń wá akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà ṣáà ti fọ̀rọ̀ wá ẹnì kan tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun lẹ́nu wò ni. Lọ́dún 2020 ó di ẹni méjì láti ìta ẹgbẹ́ náà.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé wọ́n lè ti mú ẹni tó wù wọ́n ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n wá pe ẹlòmíì fún ojú ayé. Ẹ̀sùn tí Brian Flores, akọ́nimọ̀ọ́gbá aláwọ̀ dúdú, gbé lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 2022 nìyẹn. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ẹgbẹ́ New York Giants fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ni Bill Belichick, akọ́nimọ̀ọ́gbá New England Patriots nígbà náà, fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí i kú oríire iṣẹ́ náà. Brian Daboll, aláwọ̀ funfun tí Giants padà gbà síṣẹ́, ló fẹ́ kí. Orúkọ ló ṣì í lọ́nà. Giants sẹ́ ẹ̀sùn náà.

Àtúnṣe rẹ̀ rèé: ìbéèrè kan náà ni kí wọ́n bi gbogbo ẹni tí wọ́n pè. Kí oníkálukú àwọn tó ń bi wọ́n kọ máàkì tirẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó jọ sọ̀rọ̀, torí bí ọ̀gá bá ti kọ́kọ́ lanu, ibi tó fì sí ni gbogbo wọn ń fì sí. Kí máàkì náà dé ọ̀dọ̀ àjọ kí ẹnikẹ́ni tó gbàwé iṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìsàlẹ̀ gan-an niṣẹ́ pọ̀ sí. Láàárín àwọn tó ń kọ́ quarterback, agbábọ́ọ̀lù tó ń darí ìkọlù, tí wọ́n sì ń ṣètò bí ẹgbẹ́ yóò ṣe kọlu alátakò, ni àwọn olówó ẹgbẹ́ ti sábà ń mú akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà; ọ̀dọ̀ àwọn running back, àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, ni wọ́n sì máa ń fi èèyàn dúdú sí. Lọ́dún 2022, àjọ ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba obìnrin kan tàbí ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun sí ẹ̀ka ìkọlù, fún ọdún kan. Ó kéré jù. Kó di ọdún mẹ́ta, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni náà máa kọ́ quarterback níṣẹ́, kì í ṣe kó kàn máa to fídíò.

Lọ́dún 2003, ààrẹ ẹgbẹ́ Detroit Lions san 200,000 dọ́là owó ìtanràn torí pé ó rú òfin yìí. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò ká àwọn olówó ẹgbẹ́ lára. Ẹgbẹ́ tó bá rú u, kó pàdánù agbábọ́ọ̀lù tuntun àkọ́kọ́ tó yẹ kó yàn lọ́dún náà.