Odds kékeré ò sọ pé oníjà MMA kan máa borí dandan

Bí odds oníjà MMA kan (MMA ni ìjà tí wọ́n ti ń lo ẹ̀ṣẹ́, ẹsẹ̀ àti ìjàkadì; odds ni iye tí ilé tẹ́tẹ́ máa fi sọ owó rẹ di púpọ̀ bí ẹni tó o ta lé bá borí) bá ti wà ní 1.15, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé: "Banker ni, èyí tó dájú, ilé tẹ́tẹ́ ti mọ ẹni tó máa jẹ." Irọ́ ni. Iye owó ọjà ni odds, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Owó tí àwọn èèyàn ń dà sórí oníjà kan lè fa odds rẹ̀ wálẹ̀ láìsí pé nǹkan kan yí padà lára rẹ̀.

Fi odds pín 100, wàá rí ohun tí wọ́n ń tà fún ọ: iye ìgbà nínú 100 tí odds yẹn ń sọ pé oníjà náà máa borí. 100 ÷ 1.15 jẹ́ 86.96. Bí alátakò rẹ̀ bá wà ní 5.50, tiẹ̀ jẹ́ 18.18. Ro méjèèjì pọ̀: 105.14. Bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ju 100 lọ! 5.14 tó lé yẹn ni ilé tẹ́tẹ́ ń jẹ. Fi 105.14 pín 86.96 láti yọ ọ́ kúrò, "banker" rẹ ò ju nǹkan bí 83 nínú 100 lọ. Nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀ mẹ́fà, kò yani lẹ́nu kó pàdánù ẹ̀ẹ̀kan. (Tó o bá rí −650 àti +450, odds àwọn ará Amẹ́ríkà ni, ohun kan náà ló ń sọ: fi 650 wá èrè 100, tàbí fi 100 wá èrè 450.)

MMA tún le sọ tẹ́lẹ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ, torí gbígbá ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lè parí ìjà. Ní UFC 278 (UFC ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣètò ìjà MMA), lóṣù Kẹjọ 2022, Kamaru Usman ti ń lọ níwájú pẹ̀lú máàkì 39–37 lọ́wọ́ adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yìn abala mẹ́rin. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá 56 péré kí abala karùn-ún parí ni Leon Edwards, alátakò rẹ̀, fi ẹsẹ̀ òsì gbá a lórí, Usman sì dákú. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Sydney, gbogbo ayé ló gbé Israel Adesanya, ọmọ tí wọ́n bí l'Ékòó, ju Sean Strickland lọ. Strickland gbá a ṣubú ní abala kìíní, adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fún un ní 49–46.

Ibi tó ti ń dunni jù ni ká kó "banker" márùn-ún sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Odds 1.20 lọ́nà márùn-ún, tá a bá fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, jẹ́ 2.49. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní 80 nínú 100 láti borí lóòótọ́: kí gbogbo wọn tó borí papọ̀, ó ti já sí nǹkan bí 33 nínú 100, torí ẹnì kan ṣoṣo tó bá ṣubú ló máa gé tíkẹ́ẹ̀tì. Ta irú rẹ̀ nígbà 100 ní ₦1,000 kọ̀ọ̀kan, kó o jẹ nígbà 33: ₦82,170 lo máa gbà padà nínú ₦100,000 tó o kó sílẹ̀.