Ẹ dá owó àjọ dúró ná

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá sí sitúdíò mi ní Agric, ní Ìkòròdú níbí. Sitúdíò náà kò ju yàrá kan tí mo lẹ kíréètì ẹyin mọ́ ògiri rẹ̀ lọ. Màmá ní òun fẹ́ kó àjọ òun, kí ọmọ fi ra aṣọ, kó fi wọkọ̀ lọ síbi ìdíje orin orí tẹlifíṣàn. “Bó bá ti lè gbà á báyìí, bùrọ̀dá, ìyà tán nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń sọ nìyẹn, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Iyanya. 2008 ló gba Project Fame àkọ́kọ́, ìdíje orin orí tẹlifíṣàn, ó di 2012 kí orin rẹ̀ “Kukere” tó gbòde. Mercy Chinwo gba Nigerian Idol ní 2012. Orin rẹ̀ “Excess Love” tí à ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, 2018 ló jáde. Ní Idols West Africa ti 2007, Timi Dakolo ló gbà á, Omawumi ṣe ipò kejì. Ṣé Omawumi wá ń tọrọ jẹ ni? Niniola náà lọ Project Fame ní 2013, òun kọ́ ló gbà á, síbẹ̀ ó di gbajúmọ̀ olórin.

Orin olórin ni wọ́n ń kọ níbẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọmọ á kọ ti Whitney Houston lónìí, á kọ ti Fẹlá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn adájọ́ á dìde pàtẹ́wọ́. Tí ìdíje bá parí, owó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kò ní orin kan ṣoṣo tí DJ lè fi sí i níbi ìnáwó ní Sábó. Kó tó wá tirẹ̀ rí, ti ọdún mìíràn ti bẹ̀rẹ̀, ojú tuntun ti dé. (Èmi náà ti fi káàdì ìpè dìbò fún ọmọ àdúgbò wa kan rí. Ẹ má bi mí pé orin wo ló ń kọ báyìí.)

Mi ò ní ìdíje kò wúlò o. Ó ń kọ́ ọmọ láti dúró níwájú èrò láìgbọ̀n. Chidinma tó gba Project Fame ní 2010 náà tètè rí orin tirẹ̀.

Mo ní kí ọmọ náà kọrin. Ó kọ ti ẹlòmíì, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Mo ní, “Tìẹ ńkọ́?” Ó wojú ìyá rẹ̀. Ó ní òun ní ìlàjì orin kan, nípa ọkọ̀ ojú omi tó já bàbá òun sílẹ̀ ní Ẹbúté láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè.

Mo ní kó kọ ọ́. Mo pa jẹnẹrétọ̀ nítorí ariwo, fóònù la fi gbà á sílẹ̀.